Kí Ló Wà Nínú 2,147,483,647?

Bílíọ̀nù méjì, mílíọ̀nù 147, ẹgbẹ̀rún 483, àti 647. Ẹni tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà á ti bá nọ́ńbà yìí pàdé, bí kò tilẹ̀ mọ ibi tó ti wá. Ẹni tó ń ka ìtàn ìmọ̀ ìṣirò á bá a pàdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ Leonhard Euler. Ọmọdé tó ń gbá géèmù lè ti rí i rí, níbi tí máàkì rẹ̀ ti dúró gbọn-in tí kò lọ sókè mọ́. Ohun tí wọ́n ti kọ nípa rẹ̀ kò wọ́n, àmọ́ púpọ̀ nínú rẹ̀ ló ń lọ́ ọ̀rọ̀ méjì pọ̀: wọ́n á ní nọ́ńbà tí kò ṣeé pín ni, wọ́n á tún ní òun ni òpin òǹkà nínú kọ̀ǹpútà, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé ọ̀kan ló fa èkejì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Mo fẹ́ ya ohun tó jẹ́ ti nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tó jẹ́ ti ẹ̀rọ wa, kí a sì wo ibi tí méjèèjì ti pàdé lóòótọ́. Èrò tèmi ni pé títóbi rẹ̀ kọ́ ló sọ ọ́ di ẹni iyì. Ìrísí rẹ̀ ni.

Ẹ mú 1, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, ó di 2. Ẹ tún un ṣe, ó di 4, ó di 8, ó di 16. Bí ẹ bá ṣe é ní ìgbà mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ẹ ó gúnlẹ̀ sí 2,147,483,648. Ẹ yọ ẹyọ kan kúrò níbẹ̀, òun nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ń kọ ọ́ báyìí: 2³¹ − 1. Irú òǹkà yìí kò ṣàjèjì sí ilé wa. Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ojú mẹ́jọ, ojú kọ̀ọ̀kan lè ṣí, ó sì lè dé, ìdí nìyẹn tí ọ̀nà tí ọ̀pẹ̀lẹ̀ lè gbà balẹ̀ fi jẹ́ 256, iye odù Ifá gan-an. Ká ní ojú mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló wà lórí ẹ̀wọ̀n kan, ọ̀nà tó lè gbà balẹ̀ á jẹ́ 2,147,483,648. Bí a bá fi 0 dúró fún ojú tó dé, tí a fi 1 dúró fún èyí tó ṣí, tí a sì bẹ̀rẹ̀ òǹkà láti òdo, èyí tó kẹ́yìn pátápátá, tí gbogbo ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ni 2,147,483,647. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń kọ ọ́ náà nìyẹn: 1 mọ́kànlélọ́gbọ̀n lórí ìlà, láìsí òdo kankan láàárín wọn.

Nọ́ńbà tí ohunkóhun kò lè pín láìṣẹ́kù, àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀, ni àwọn olùkọ́ ìṣirò ń pè ní prime: 2, 3, 5, 7, 11, 13, wọ́n pọ̀ lọ jàra. Ṣé 2³¹ − 1 jẹ́ ọ̀kan nínú wọn? Ìrísí rẹ̀ fún wa ní ìdáhùn àkọ́kọ́. Ká ní 1 mẹ́fà ló wà lórí ìlà, a lè gé wọn ní méjì-méjì, ìyẹn ló fi jẹ́ pé 3 pín 63. A tún lè gé wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, ìyẹn ló fi jẹ́ pé 7 náà pín 63. Iyekíye tó bá ṣeé gé sí ọ̀wọ́ tó dọ́gba ti ba ọ̀rọ̀ jẹ́ nìyẹn. Àmọ́ 31 kò ṣeé gé sí ọ̀wọ́ kankan, nítorí òun náà jẹ́ prime. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí, ṣùgbọ́n a kò tíì wọlé. 11 jẹ́ prime, síbẹ̀ 2¹¹ − 1 jẹ́ 2,047, èyí tí í ṣe 23 lọ́nà 89.

Ẹni tó kọ́kọ́ sọ pé 2³¹ − 1 jẹ́ prime ni Pietro Cataldi, ará Bologna ní Ítálì. Ní 1588, ó ti fi iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ fi hàn pé 131,071 àti 524,287 jẹ́ prime, ìyẹn 2¹⁷ − 1 àti 2¹⁹ − 1. Ọ̀nà tó gbà kò lẹ́wà, àmọ́ kò sí àléébù nínú rẹ̀: ó fi gbogbo prime tó yẹ pín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí tí kò fi sí èyí tó kù. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá sọ pé 23, 29, 31 àti 37 náà á ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, 31 nìkan ló bọ́ sí i. Pierre de Fermat rí i pé 47 pín ti 23, pé 223 sì pín ti 37. Euler ló wá rí 233 tó pín ti 29. Ní 1644, Marin Mersenne, ajẹ́jẹ̀ẹ́ ẹ̀sìn Kátólíìkì ní ilẹ̀ Faransé, tẹ àkójọ tirẹ̀ jáde, 31 sì wà nínú rẹ̀. Orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi ń pe irú àwọn prime yìí títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi 67 àti 257 kún un láìtọ́, tó sì fo 61, 89 àti 107. Òótọ́ tí kò ní ẹ̀rí lẹ́yìn ni Cataldi àti Mersenne sọ nípa 31. Mo ka ìyẹn sí ohun kékeré nínú ìmọ̀ ìṣirò, bó ti wù kí òótọ́ náà tóbi tó.

Ọdún 1772 ni ẹ̀rí dé. Euler, ọmọ Switzerland tó ń gbé ní St. Petersburg ní Rọ́ṣíà, kọ lẹ́tà sí Daniel Bernoulli pé ọ̀rọ̀ ti yanjú: 2³¹ − 1 jẹ́ prime. Ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún nígbà náà, ojú rẹ̀ kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ ríran mọ́. Ó yẹ kí a dúró wo iṣẹ́ tó ṣe, nítorí ibẹ̀ ni ọkàn ọ̀rọ̀ yìí wà.

Bí ẹnikẹ́ni bá tẹ̀lé ọ̀nà Cataldi, á máa fi prime kéékèèké pín nọ́ńbà náà títí á fi dé 46,340, torí pé bí a bá ti kọjá ibẹ̀, nọ́ńbà tí a fi lọ́po ara rẹ̀ á ju 2,147,483,647 lọ, kò sì sí ìdí láti máa wá mọ́. Prime tó wà lábẹ́ 46,340 lé ní 4,700. Ẹ wo ẹni tó fẹ́ fi ọwọ́ pín nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́wàá ní ìgbà tó lé ní 4,700, tó sì jẹ́ pé àṣìṣe ẹyọ kan tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́.

Euler kò gba ibẹ̀. Ó bi ìbéèrè mìíràn: bí prime kan bá wà tó pín nọ́ńbà yìí, irú prime wo ló lè jẹ́? Ká pè é ní q. Bí q bá pín 2³¹ − 1 láìṣẹ́kù, a jẹ́ pé bí a bá fi q pín 2³¹, 1 ni yóò ṣẹ́kù. Ká wá to ìlọ́po méjì tẹ̀léra, ká máa wo ìyókù wọn nìkan lẹ́yìn tí a bá fi q pín wọn: àwọn ìyókù náà á máa yípo, ní gbogbo ìṣísẹ̀ 31 ni wọn á padà sí 1. Ìyípo náà kò lè kúrú ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí 31 kò ṣeé gé. Fermat sì ti sọ láti 1640 pé lẹ́yìn ìṣísẹ̀ q − 1, ìyókù gbọ́dọ̀ padà sí 1. Euler fúnra rẹ̀ ló tẹ ẹ̀rí òfin náà jáde. Bí méjèèjì bá jẹ́ òótọ́, odidi ìyípo ló gbọ́dọ̀ wà nínú q − 1, ìyẹn ni pé 31 pín in. 2 náà pín in, torí q kì í ṣe nọ́ńbà tí 2 lè pín. Nítorí náà, bí a bá fi 62 pín q, 1 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù.

Òfin kejì tún wà. 2³² ni 2¹⁶ tí a fi lọ́po ara rẹ̀, bí a bá sì fi q pín in, 2 ni yóò ṣẹ́kù. Kì í ṣe gbogbo prime ló lè gba irú èyí láyè, pé kí nọ́ńbà kan lọ́po ara rẹ̀ kó sì ṣẹ́ 2 kù. Yàtọ̀ sí 2 fúnra rẹ̀, àwọn tó máa ń ṣẹ́ 1 tàbí 7 kù nígbà tí a bá fi 8 pín wọn nìkan ló lè ṣe é. Ẹ so òfin méjèèjì pọ̀: bí a bá fi 248 pín q, 1 tàbí 63 ló gbọ́dọ̀ ṣẹ́kù, kò sí ẹlòmíràn.

Bí a bá yọ 1 kúrò, nọ́ńbà 373 péré ló bá òfin yìí mu kí a tó dé 46,340. Púpọ̀ nínú wọn kì í tilẹ̀ ṣe prime, irú bí 63, 249 àti 497, wọ́n sì bọ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Prime àkọ́kọ́ tó dúró ni 311. Ẹ fi pín nọ́ńbà wa, á ṣẹ́ 35 kù. Èyí tó tẹ̀lé e ni 1,303. Ó ṣẹ́ 226 kù. Àwọn tó kù kò ju bíi 80 lọ. Ọ̀kan kò pín in nínú wọn. Iṣẹ́ tó lé ní 4,700 di nǹkan tí ẹni tó ní sùúrù lè parí, kò sì sí iyèméjì kankan nínú èsì rẹ̀.

Kí a lè mọyì ohun tí ìrísí ṣe níbí, ẹ wo 2,147,483,629, tó fi 18 péré kéré sí i. Òun náà jẹ́ prime, kò sì sí prime kankan láàárín àwọn méjèèjì. Ṣùgbọ́n kò ní ìrísí tí Euler lè di mú. Ká ní òun ni wọ́n gbé síwájú Euler, òfin 248 kò ní ràn án lọ́wọ́ rárá. Títóbi wọn kò yàtọ̀, ohun tí a lè mọ̀ nípa wọn ní 1772 ló yàtọ̀ gidigidi. Fún ohun tó ju 70 ọdún lọ lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, kò sí prime kankan tí aráyé mọ̀ tó ju 2,147,483,647 lọ.

Àwọn aládùúgbò rẹ̀ náà tọ́ sí wíwò. Èyí tó ṣáájú rẹ̀, 2,147,483,646, fọ́ sí wẹ́wẹ́: 2, 3 lẹ́ẹ̀mejì, 7, 11, 31, 151 àti 331 ni a fi lọ́po ara wọn láti rí i. Èyí tó tẹ̀lé e kò ní ohun mìíràn nínú ju 2 lọ. Bí a bá fi 1 kan kún ìlà náà kí ó di 1 méjìlélọ́gbọ̀n, a ó rí 4,294,967,295, tó jẹ́ 3 lọ́nà 5 lọ́nà 17 lọ́nà 257 lọ́nà 65,537, gbogbo prime ti Fermat tí a mọ̀ títí dòní, wọ́n pé márùn-ún, ẹnìkan kò sí lẹ́yìn. Nítorí èyí, nínú gbogbo àwòrán onígun àìmọye tí a mọ̀ pé rúlà àti kọ́ńpáàsì nìkan lè yà, tí 2 kò sì pín iye igun wọn, onígun 4,294,967,295 ló pọ̀ jù. Ẹ fi 2 kún un, ẹ ó bá 4,294,967,297 tí Fermat rò pé ó jẹ́ prime. Euler já a ní 1732: 641 lọ́nà 6,700,417. Apá kejì yìí, 6,700,417, ló wà ní ipò prime tó tóbi jù kí 2³¹ − 1 tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ogójì ọdún ló wà láàárín wọn, ọwọ́ kan náà ló sì fi àwọn méjèèjì lélẹ̀.

Ó tún ní ìbátan àtijọ́ kan. Nọ́ńbà tí àwọn tó pín in, yàtọ̀ sí òun fúnra rẹ̀, bá parapọ̀ jẹ́ òun gan-an ni wọ́n ń pè ní nọ́ńbà pípé: 6 ni 1 àti 2 àti 3, 28 ni 1, 2, 4, 7 àti 14. Euclid ti fi hàn ní ayé àwọn Gíríìkì pé gbogbo prime tó bá ní ìrísí 2³¹ − 1 ló ní nọ́ńbà pípé tirẹ̀. Ẹ fi 2³⁰ lọ́po 2,147,483,647, ẹ ó rí 2,305,843,008,139,952,128, ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ nínú wọn. Ní 1811, Peter Barlow, ará Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ sínú ìwé pé èyí ni nọ́ńbà pípé tó tóbi jù tí ẹnikẹ́ni máa rí láé, nítorí kò rò pé ẹnikẹ́ni á fi àkókò ṣòfò láti wá èyí tó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àánú rẹ̀ ṣe mí. Kò ṣìṣe nípa nọ́ńbà, nípa ènìyàn ló ṣìṣe. Ní 1876, Édouard Lucas fi 2¹²⁷ − 1 lé e, Ivan Pervushin ní Rọ́ṣíà sì fi 2⁶¹ − 1 tẹ̀lé e ní 1883.

Lucas ló mú ọ̀nà tuntun wá, D. H. Lehmer ọmọ Amẹ́ríkà sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ fi í lọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ 2: 14. Ẹ tún un ṣe: 194, lẹ́yìn náà 37,634. Bó bá ti ju 2,147,483,647 lọ, ẹ fi nọ́ńbà náà pín in, kí ẹ sì di ìyókù rẹ̀ mú. Bí ìṣísẹ̀ kọkàndínlọ́gbọ̀n bá jẹ́ òdo, prime ni, bí kò bá jẹ́ òdo, kì í ṣe prime. Òdo ló jẹ́. Fóònù tó wà lọ́wọ́ wa á parí rẹ̀ kí a tó ṣẹ́jú. Ọ̀nà yìí náà ni GIMPS, ẹgbẹ́ tí George Woltman dá sílẹ̀ ní 1996, ń lò láti fi fìdí prime Mersenne múlẹ̀. Ní oṣù kẹwàá 2024 wọ́n kéde ẹlẹ́ẹ̀kejìléláàádọ́ta tí a mọ̀, 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1, tí Luke Durant rí. Díjíìtì rẹ̀ jẹ́ 41,024,320. Ní ìlà yẹn, 2³¹ − 1 ni ẹlẹ́ẹ̀kẹjọ. Bóyá ìlà náà lópin tàbí kò lópin, ẹnikẹ́ni kò tíì fi ẹ̀rí hàn.

Ó wá ku ti kọ̀ǹpútà. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ló ti ń fi àyè bíìtì 32, ìyẹn ojú 32 tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0 tàbí 1, pamọ́ fún odidi nọ́ńbà kan. Bí a bá fi bíìtì kan ṣe àmì pé nọ́ńbà náà ju òdo lọ tàbí kò tó o, 31 ló kù, a sì ti mọ ohun tí 1 mọ́kànlélọ́gbọ̀n túmọ̀ sí. Bí ẹ bá fi 1 kún un níbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ, á yí bìrí di −2,147,483,648. Ní oṣù kejìlá 2014, fídíò “Gangnam Style” ti Psy, olórin ilẹ̀ Kòríà, kọjá iye yìí lórí YouTube, wọ́n sì ti sọ àyè tí wọ́n fi ń ka àwọn tó wò ó di bíìtì 64. Ní 2015, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú ní Amẹ́ríkà pàṣẹ pé kí wọ́n máa pa iná ọkọ̀ Boeing 787 kí ó tó tan fún ọjọ́ 248 láìdáwọ́dúró, torí òǹkà kan nínú ẹ̀rọ tó ń darí iná rẹ̀ á kún, iná sì lè kú lójú ọ̀run. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọgọ́rùn-ún, ẹ ka 2³¹ irú rẹ̀: ọjọ́ 248 àti ààbọ̀ ni. Pé 248 yìí àti 248 ti Euler bá ara wọn dọ́gba, ó kàn ṣe kòńgẹ́ lásán ni. Èyí tó kan gbogbo wa ṣì ń bọ̀: àwọn kọ̀ǹpútà tó ń ka àkókò ní ìṣẹ́jú àáyá láti ọjọ́ kìíní 1970 nínú àyè bíìtì 32 á kún ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní 2038, ní aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 ní ìdájí ní Nàìjíríà àti Bẹ̀nẹ̀, wákàtí kan ṣáájú bẹ́ẹ̀ ní Tógò.

Kò sí ọ̀kan nínú ìwọ̀nyí tó kan prime. Ẹ wo àyè bíìtì 64 tí YouTube kó lọ: òpin rẹ̀ ni 2⁶³ − 1, tí 7 sì pín láìṣẹ́kù, torí pé 63 ṣeé gé ní mẹ́ta-mẹ́ta. Iṣẹ́ rẹ̀ kò dínkù nítorí ìyẹn. Bí àwọn tó ṣe ẹ̀rọ bá ti yan bíìtì 30 tàbí 36 ni, òpin mìíràn là bá máa sọ. Ṣùgbọ́n ká ní kò tilẹ̀ sí kọ̀ǹpútà láyé, prime ni 2,147,483,647 á máa jẹ́.

Ibi tí méjèèjì ti pàdé ni iṣẹ́ kan tí àwọn ènìyàn kò sábà mẹ́nu bà: pípèsè nọ́ńbà tó dà bí èyí tí kò ní ètò, fún ìwádìí àti fún eré. Lehmer tí a ti dárúkọ ló dá ọ̀nà náà sílẹ̀. Ní 1988, Stephen Park àti Keith Miller dábàá pé kí gbogbo ènìyàn lo irú rẹ̀ kan: ẹ fi 16,807 lọ́po nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́, ẹ fi 2,147,483,647 pín in, ìyókù ni nọ́ńbà tuntun. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ ó rí 16,807, ẹ ó rí 282,475,249, lẹ́yìn náà 1,622,650,073. Ní ìṣísẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, 1,043,618,065 ló gbọ́dọ̀ yọ jáde. Òun ni wọ́n fi ń dán ètò wò bóyá a kọ ọ́ bó ṣe yẹ. 16,807 ni 7 tí a fi lọ́po ara rẹ̀ títí tó fi pé márùn-ún. Nítorí pé ẹni tó ń pín náà jẹ́ prime, ó ṣeé ṣe kí ìlà yìí kan gbogbo nọ́ńbà láti 1 dé 2,147,483,646 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Pípín náà sì yá, nítorí ìrísí: 2³¹ ń ṣẹ́ 1 kù, nítorí náà ẹ̀rọ kàn á gé nọ́ńbà ńlá sí ọ̀wọ́ bíìtì 31, á sì ro wọ́n pọ̀. Jíjẹ́ prime ló mú kí ìlà náà gùn, ìrísí ló mú kí ó yá. Lójú tèmi, kò sí iṣẹ́ mìíràn tí nọ́ńbà yìí ti ń lo gbogbo ara rẹ̀ tó báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìlà bílíọ̀nù méjì ti kúrú jù fún ìwádìí òde òní, kò sì yẹ fún àṣírí báńkì.

Ẹbí rẹ̀ kan tún kù. 2³ − 1 jẹ́ 7. 2⁷ − 1 jẹ́ 127. 2³¹ − 1 ni tiwa, 31 fúnra rẹ̀ sì jẹ́ 2⁵ − 1. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n gba ìrísí yìí kọjá, 2¹²⁷ − 1 ni ẹlẹ́ẹ̀kẹrin wọn, a kò sì tíì mọ ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún. Bí a bá tún gbé e lọ sókè, tí a sọ 1 di ìlọ́po méjì ní ìgbà 2,147,483,647 tí a sì yọ 1, nọ́ńbà tó jáde á ní díjíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 646. Kò sí ẹni tó máa kọ ọ́ sórí ìwé. Síbẹ̀ a mọ̀ pé kì í ṣe prime, torí wọ́n ti rí nọ́ńbà oní-díjíìtì mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kan tó pín in: 295,257,526,626,031. Òfin tí Euler lò fún 31 ló fi ibi tí a ó ti wá a hàn: ẹ yọ 1 kúrò lára rẹ̀, ẹ fi 2,147,483,647 pín ohun tó kù, 137,490 ni ẹ ó rí, láìṣẹ́kù.